Lẹ́tà Tí Kò Ní ‘Kẹ̀’ Nínú

Òkè-Afá, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní, ọdún 2025

Khàlíl ọmọ mi, Àkànbí ọkọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń jókòó jẹun, àbí orí ìrìn lo ṣì ti ń jẹ búrẹ́dì?

Àwa náà wà. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yìí, gbogbo ètè mi ló bó. Mo ṣì ń ta báàgì mi ní Apakun, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ló ń rà á jù. Wọ́n á di ẹrù títí báàgì á fi ya, wọ́n á wá sáré bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò láti ra òmíràn lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń wo ojú àwọn ọ̀dọ́ inú wọn. Mo mọ èyí tí kò ní tètè padà.

Etí mi ò tíì là o. Olúfọlákẹ́, tísà tó ń gbé yàrá kejì sí mi, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní ti ọ̀tún ti kú, ti òsì ló kù díẹ̀. Bí èèyàn bá pè mí lórí fóònù, bíi kí omi máa dà nínú páìpù ni mo ń gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ní ká máa kọ̀wé síra wa lórí Wọ́sáàpù nìyẹn, bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń kọ lẹ́tà.

N ó bi ọ́ ní nǹkan. Ta ló ń kọ ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ mi láti oṣù Kọkànlá? Tẹ́lẹ̀, bí o bá kọ̀wé, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ nínú rẹ̀. Wàá ní, “Màmá mi, èmi kẹ̀! Mo ti jẹun o jàre, ẹ má dà mí láàmú.” Èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá. ‘Kẹ̀’ yẹn, ti ìyá mi ní Ṣakí ni. Òun ló tọ́ ọ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ lo sì gbé wá sí Èkó. Ní báyìí, bí ìjọba ṣe ń kọ̀wé sí ayálégbé lo ṣe ń kọ̀wé sí mi. “Mo ti jẹun. Iṣẹ́ dára. Ẹ kú alẹ́.” Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Kọ̀wé sí mi bí ọmọ èèyàn o.

Èmi ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́


Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ìwé yín. Ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Iṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo wà.

Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ̀wé níbí ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ó rọrùn, ó sì yá.

Ara mi le. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí díẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín.

Khàlíl


Òkè-Afá
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025

Khàlíl,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo wá ‘o’ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, n ò rí i. “Ẹ máa lo oògùn yín.” Ṣé nọ́ọ̀sì ni ọ́ ni? Ọmọ tí mo bí á ní, “Ẹ sá máa lo oògùn yín o, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé jàre.”

Jẹ́ n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. O mọ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn olè ti wọ inú Wọ́sáàpù rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ṣubú, ó wà ní ọsibítù. Wọ́n wá ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé: orúkọ ìyá wọn, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n ń sunkún, ó ń dáhùn. Ohun tó dáhùn yẹn náà ni wọ́n fi wọ inú báńkì Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Olúfọlákẹ́ wá kó gbogbo àwa àgbà inú ọgbà jọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún èmi tí n ò gbọ́ràn: “Ẹ máa wo bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Olè lè jí fóònù, kò lè jí ẹnu.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, Khàlíl, jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwọ ni. Àbí ẹni tó bá ti dé ìlú òyìnbó ni wọ́n máa ń gba ‘kẹ̀’ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lu ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní òǹtẹ̀? Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnu àwọn èèyàn ń mì níwájú mi, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwé rẹ nìkan ni ohùn tó kù fún mi láyé.

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2025

Màmá,

Mo wà ní ọsibítù. Mo ṣubú níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Dókítà ní ọkàn mi kò lù bó ṣe yẹ. Wọ́n fẹ́ mọ àìsàn tó pa bàbá mi àti ọdún tó lò láyé. Mo sọ fún wọn pé ibà ni. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín dáadáa. Àwọn náà ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dáhùn lónìí. Ó ṣe pàtàkì.

Khàlíl


Òkè-Afá
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2025

Sí olè tó wà nínú fóònù ọmọ mi,

N ò kí ọ. Èmi Àjíbíkẹ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. O rò pé ìyá arúgbó tó dití ni mí, o lè ṣe mí bó o bá ṣe fẹ́. Ọsibítù! Ọsibítù yẹn náà lẹ sọ fún ará ilé Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Ìwọ náà ń bi mí pé kí ló pa ọkọ mi? Kí lo fẹ́ fi òkú ọdún méjìlélógún ṣe? Ọmọ mi mọ ohun tó pa bàbá rẹ̀. Mo ti sọ fún un láti kékeré. Kò ní bi mí mọ́.

Ọmọ mi kì í kọ̀wé báyìí. Bí ẹsẹ̀ Khàlíl tilẹ̀ kán, á ní, “Màmá mi, ẹ má bẹ̀rù o, mo kàn ṣubú ni jàre.” Ìwọ ò ní ‘o’, o ò ní ‘jàre’, bóyá ni o ní ìyá. Nọ́ńbà àjèjì tó sì ń pè mí láti àná, mo mọ̀ pé ìwọ náà ni. Mo gbé e, omi ni mo gbọ́.

Inú ààwẹ̀ la wà, n ò ní ṣépè. Mo fi ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Olúfọlákẹ́ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bùlọ́ọ̀kù èèyàn. Bí èyí bá ti lọ, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Dá fóònù ọmọ mi padà fún un.


Hull, sí orí fóònù Àǹtí Olúfọlákẹ́
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 2025

Màmá mi o,

Èmi ni o. Èmi Khàlíl kẹ̀! Èmi Àkànbí tí Ìyá Ṣakí fi ẹ̀yìn gbé lọ sí ọsibítù Sáńgò lọ́jọ́ tí mo kó ẹ̀wà sí ihò imú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo wá nọ́ńbà Àǹtí Olúfọlákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i.

Mo ka ìwé tí ẹ kọ sí olè. Orí ìbùsùn ni mo ti kà á, wọ́n lẹ wáyà mẹ́fà mọ́ mi láyà. Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn mi bá ń han, nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ìgbà tó jáde tán ni mo wá sunkún.

Màmá mi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. A ní gúrúùpù kan lórí Wọ́sáàpù, ti àwa Yorùbá tó wà ní Hull. Bí mo ṣe wọ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé kí gbogbo wọn bí mo ṣe máa ń kí yín. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀, Akínbọ̀wálé, Sùúrùlérè ni wọ́n bí i sí. Ó ní, “Àwọn ará òkè ti dé!” Àwòrán ẹ̀rín kún gbogbo ojú fóònù. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Kẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ní mo ń wá yàrá, wọ́n á ní, “Ṣé ti Ṣakí kẹ̀?” Níbi iṣẹ́ pàápàá, mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé mo ń bọ̀, ọwọ́ mi fi ‘o’ sí ìdí rẹ̀. Ó bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ta ni ń jẹ́ ‘o’. Ojú tì mí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, màá kà á, màá yọ ‘kẹ̀’, màá yọ ‘jàre’, bí ìgbà tí wọ́n ń yọ egungun ẹja. Nígbà tó yá, ó di bárakú. N kò mọ̀ pé mo ti ń yọ ọ́ nínú tiyín náà. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀.

Màmá mi, kì í ṣe eré o. Dókítà tó ń tọ́jú mi, obìnrin ni, àràárọ̀ ló ń wá dúró níwájú mi: “Ṣé ìyá rẹ ti dáhùn?” Màá ní rárá. Ó ní bí ó bá jẹ́ ohun tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni, ohun tí àwọn máa ṣe fún mi á yàtọ̀, àwọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí n lọ sílé. Àwọn aláìsàn mẹ́ta yòókù ní àlejò. Bí àlejò wọn bá dé, èmi á fa aṣọ bo ojú bí ẹni tó sùn.

Kí ló pa bàbá mi jàre? Ẹ sọ fún mi o.

Khàlíl yín


Òkè-Afá
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 2025

Ọmọ mi, ọmọ mi, ọmọ mi,

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún ti irú rẹ̀ mọ́. Apakun ni Olúfọlákẹ́ ti wá bá mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó na fóònù sí mi. Mi ò tíì ka ìlà kejì tán tí mo fi jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn báàgì. Àwọn oníbàárà rò pé ààwẹ̀ ló mú mi.

Gbọ́ o. Kì í ṣe ibà ló pa bàbá rẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Táíyé. Kò ṣàìsàn. Lọ́jọ́ náà, ó jáde nílé bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣòdì. Ó ń gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ní ó kàn fi ọwọ́ di irin mú, ó ní, “Ẹ dúró ná,” ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Bàbá tó bí i náà, inú oko ni wọ́n ti bá a, ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pé ogójì ọdún. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan sì wà tó lọ bẹ́ẹ̀, n ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a sin bàbá rẹ tán, Bàbá Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, pè wá jọ. Ó ní, “Ibà ló pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun mìíràn síta, ta ni yóò fi ọmọ fún wa fẹ́? Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wa?” Mo jẹ́ opó ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú ilé wọn ni mo wà. Mo ní ibà ni. Mo wí i títí, èmi náà ń gbà á gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣakí lo wà nígbà náà, ó rọrùn láti purọ́ fún ọ.

Fi èyí han dókítà náà nísinsìnyí. Má gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Kí o sì dá mi lóhùn o.

Ìyá rẹ


Òkè-Afá
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta

Khàlíl, ṣé wọ́n ti rí i? Dáhùn o.


Òkè-Afá
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta

Àkànbí, àmì kan ṣoṣo ló wà níwájú ìwé tí mo kọ, kò tíì di méjì. Olúfọlákẹ́ ní fóònù rẹ ti kú ni. Mo ní kó má lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Mo ń ṣínu, oúnjẹ ò lọ. Kọ ohunkóhun. Bí o bá fẹ́, kọ ọ́ bíi ti ìjọba, n ò ní bínú.


Hull
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹta, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o. Mo wà láàyè.

Lọ́jọ́ tí mo fi ìwé yín han dókítà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi ọkọ́, ó ní kí n dúró, ó jáde, ó kó àwọn mẹ́ta mìíràn wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí abẹ́ awọ àyà mi. Bí ọkàn mi bá fẹ́ dáwọ́ dúró, á ta á jí. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà ṣọyún, ibà gidi wá mú mi, n kò mọ ọjọ́ mọ́. Nígbà tí ojú mi là, fóònù ti kú, ṣájà wà nílé, kò sí ẹni tí mo lè rán. Mo ń wo fóònù lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹni ń wo òkú.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ẹni tó gbé ṣájà wá. Akínbọ̀wálé kẹ̀! Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bọ̀dá, a ò mọ̀ pé o wà níbí o. Má bínú jàre.” Ó fi ṣájà náà sí iná fún mi. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ. Kò tíì padà wá.

Màmá mi, inú ń bí mi. Mi ò ní purọ́. Ọdún méjìlélógún! Mo ń gbé ẹrù wúwo lójoojúmọ́, ó ń rẹ̀ mí, mo ń rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ṣé ẹ ò wò ó pé ọ̀nà bàbá mi lè jẹ́ ọ̀nà tèmi? Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Dókítà ní gbogbo ọmọ ilé wa ló gbọdọ̀ lọ yẹ ọkàn wọn wò. Ẹ rántí Sherifdeen, ọmọ Bàbá Kẹ́hìndé tó ń tún fóònù ṣe ní Òṣòdì. Ó dákú nígbà kan rí níbi bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ebi ló ń pa á. Ẹ sọ fún wọn, Màmá mi. Ẹ sọ ọ́ síta.

Khàlíl


Òkè-Afá
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, 2025

Khàlíl ọmọ mi,

O kú ọdún Iléyá. Ṣé ara ọgbẹ́ náà ti jinná pátápátá? Mo ti ń kọ ìwé kékeré sí ọ láti oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n mo fi èyí pa mọ́ títí n ó fi mọ ibi tó máa já sí.

Mo lọ sílé Bàbá Kẹ́hìndé ní Àgọ́ Palace lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀. Gbogbo ẹbí wà níbẹ̀. Mo dìde, mo sọ ọ́. Mo sọ bí Táíyé ṣe kú, mo sọ tìrẹ, mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù. N ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn. Mo rí ẹnu Bàbá Kẹ́hìndé dáadáa nígbà tó ní, “Obìnrin yìí ti tú wa sí ìhòòhò.” Ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ. Ọmọbìnrin wọn tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ lóṣù Kẹjọ kò kí mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tẹ ilé mi nínú wọn.

O mọ bí Iléyá ṣe máa ń rí nílé mi, bí ẹbí bàbá rẹ ṣe máa ń kún ibẹ̀. Lọ́dún yìí, mo kírun, mo padà sílé, mo jókòó. Olúfọlákẹ́ ti lọ sí ìlú rẹ̀. Mo se ìrẹsì ife méjì, mo jẹ ìdajì ife. Kò sí ẹran, nítorí kò sí ẹni tó gbé e wá. N ò sunkún o. Mo kàn ń wo ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Sherifdeen ni. Òun nìkan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ẹran kalẹ̀ nínú ọ̀rá, ó sì mú bébà kan jáde lápò. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá, nítorí ó mọ̀ pé n ò gbọ́ràn. Ó ní òun ò sọ fún bàbá òun, òun dá lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ohun tó wà lára rẹ wà lára òun náà. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù. Wọ́n ti fún un lóògùn, wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kó sì má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ náà wá. Bàbá rẹ̀ ò tíì gbà.

Mo ka bébà náà tán, mo tún un kà. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ bọ́tìnnì òkè aṣọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀.

Khàlíl, ó ń lù. Etí mi ò gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ló gbọ́ ọ. Ó ń lù, á sáré díẹ̀, á tún rọra lọ. Mo ń rò ó pé tìrẹ náà ń lù lásìkò yẹn, ní Hull, níbi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Ó pẹ́ kí n tó gbé ọwọ́ mi kúrò. Ó jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́